Àwòrán Tí Mo Fi Pa Géèmù Mùbàṣírù

Ẹ jókòó dáadáa. Adéṣọlá, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o sì gbé fóònù rẹ sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tẹ nǹkan nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lónìí. Mo mọ ohun tí ẹ wá gbọ́. Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń ya kọ́fà géèmù, àwòrán kékeré tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí ní ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó mọ̀ bóyá òun máa ra géèmù náà tàbí òun ò ní rà á. Ẹ ti ń sọ ọ́ káàkiri Àgọ́-Ìwòyè pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí bí Àǹtí Ìbíkẹ́. Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí léèrè ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú mi tipẹ́, bí eegun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, kò lọ sísàlẹ̀, kò bọ́ síta. Lónìí, mo fẹ́ bì í jáde. Gbogbo òfin tí mò ń kọ́ yín, èmi ni mo rú wọn lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ rú wọn ni, mo sì fi ba ayé ẹni tí mo fẹ́ràn jù lọ jẹ́.

Mùbàṣírù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Efire ni, ìlú apẹja létí ọ̀sà, lápá Abigi lọ́hùn-ún. Ó wá kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì wa níbí, èmi sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù bánà mi nígbà náà. Ẹ̀yin náà mọ irú bánà tí mò ń wí: bánà òkú, bánà ìgbéyàwó, bánà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń du ipò, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n ti wọlé ìdìbò. Ọmọ Òkè-Sopin ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ẹnu mi mú, ara mi gbóná, oníbàárà tó bá fi àkókò mi ṣòfò á gbọ́ tirẹ̀. Òun wọlé lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ tẹ ìwé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹja sá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, màá dúró títí ẹ ó fi pa á." Ó sì dúró lóòótọ́. A jọ jẹ búrẹ́dì àti ẹja yíyan tí màmá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé. Láti ọjọ́ náà ni òórùn ẹja yíyan ti di nǹkan mìíràn sí mi. Títí di òní, tí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ìfẹ́ mú ẹ̀yin náà, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Géèmù kan ló ń ṣe. Kò ní ilé iṣẹ́, kò ní olùrànlọ́wọ́, òun nìkan ni, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó máa ń sáré gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti lo iná. Àtùpà Ọ̀sà ló pe orúkọ rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ni ẹni tó bá ń gbá géèmù náà yóò jẹ́. Bàbá ọmọ náà lọ dẹ àwọ̀n lórí ọ̀sà, kò dé. Ọmọ gbé àtùpà, ó wọ ọkọ̀, ó ń wá a. Bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ ni epo àtùpà ń tán, orin bàbá rẹ̀ á máa dún láti ọ̀nà jíjìn, á tún dákẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó rí ọkọ̀ bàbá, fìlà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Epo tán. Gbogbo ojú ọ̀sà ṣókùnkùn. O ti máa rò pé ó parí síbẹ̀, àfi bí iná kan ṣe tàn ní èbúté. Òmíràn tàn. Òmíràn tún tàn. Gbogbo àwọn ìyá ìlú ti gbé àtùpà wọn jáde láti fi ọ̀nà ilé han ọmọ náà. Omi ló gbé bàbá Mùbàṣírù fúnra rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní kékeré, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ìyá Efire ṣe tanná dúró létí omi. Ó fi géèmù náà sórí kọ̀ǹpútà mi kí n gbá a wò. Nígbà tí mo dé ibi tí iná ti ń tàn yẹn, òun ò sí níbẹ̀, mo sunkún, mo fi ìborí mi nu imú, mo gbàgbé pé oníbàárà dúró níwájú mi. Nígbà tó dé, ojú tì mí, mo kàn sọ fún un pé ó dáa. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn: mo sunkún.

Ilé iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó ń fojú sí géèmù náà. Wọ́n sọ fún un pé tí àwọn ènìyàn bá rà á dáadáa nígbà tó bá jáde, àwọn á pè é wá kó máa bá àwọn ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ó sáré wá sọ fún mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìbíkẹ́ mi, tí mo bá ti dé ibẹ̀, tí mo fìdí kalẹ̀, màá wá mú ọ."  Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kúbúrá, ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹni tó sọ ọ́ fún un gba Ítálì lọ, Kúbúrá sì wà ní Mamu di òní olónìí, ó ń yan gaàrí, gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró lójú títì ló ń na ọrùn wò. Mo ti rí bí ìdúró ṣe ń jẹ obìnrin tán. Mo wí fún ara mi pé èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí èmi. Ẹ ò rí i, dípò kí n bi í pé, "Ṣé wàá padà wá lóòótọ́?", kí n sì gbọ́ ohun tó máa sọ, ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọgbọ́n tí kò fi ní lọ.

Èmi ló ní kí n ya kọ́fà. Ta ni ì bá tún gbé e fún? "Ìwọ lo mọ àwòrán," ó ní, "èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀." Ẹ gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: èyí tó dára ni mo kọ́kọ́ yà. Ọmọbìnrin náà nìkan, nínú ọkọ̀, ó gbé àtùpà sókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn sí i lójú, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Orúkọ géèmù nípọn, ó funfun, ó wà níbi tí ojú ti máa rí i kíá. Mo sọ ọ́ di kékeré bí èékánná àtàǹpàkò, mo gbé e sáàárín kọ́fà àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù, mo na ọwọ́ jìnnà, mo dijú díẹ̀ wò ó. Ẹ̀yin àbúrò mi, àtùpà yẹn ń pe ènìyàn! Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni ojú ń lọ bá. O lè má gbọ́ Yorùbá, o lè má mọ ibi tí Efire wà, wàá ṣì mọ̀ pé ọmọ kan ń wá ẹnì kan nínú òkùnkùn, wàá sì fẹ́ bá a wá a. Ohun tí kọ́fà wà fún nìyẹn. Mo wò ó, mo sì mọ̀ pé tí èyí bá jáde, wọ́n á rà á, Mùbàṣírù á lọ. Mo pa á rẹ́. Mo tún wọ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìdọ̀tí sí, mo pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Ìkà ni mí, àbí? Ẹ ní sùúrù, mi ò tíì dé ibi ìkà gan-an.

Mo wá ya òmíràn. Mo ya gbogbo Efire sínú rẹ̀. Mo ya mọ́ṣáláṣí, mo ya ilé pákó, mo ya àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn, mo ya ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, mo ya àwọn obìnrin nídìí ààrò, mo ya koríko etí omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kun gbogbo rẹ̀ ní búlúù tó ṣú. Ọmọbìnrin náà wà lọ́nà jíjìn réré, àtùpà rẹ̀ kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Lẹ́tà tín-ín-rín tó lọ́ bí ìtàkùn ni mo fi kọ orúkọ géèmù. Tí ẹ bá rí i lójú láptọ́ọ̀pù, ẹ ó pariwo. Mi ò ya ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí, Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti kéré bó ṣe máa wà ní ìsọ̀ yẹn, ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ dúdú lásán. Oríolúwa, bàbá ọlọ́mọ kan tó ń bá mi tẹ bánà nígbà náà, ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní, "Mádàámù, kí lèyí? Mi ò rí nǹkan kan níbí o. Àbí fóònù mi ló ń kú lọ?" Mo ní ojú rẹ̀ ni kò ríran. Ó ní, "Rárá o, Mádàámù. Ẹ jẹ́ ká sọ fún Mùbàṣírù kó tó gbé e jáde." Mo gbó mọ́ ọn: "Tí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ẹ lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn!" Ó wojú mi títí. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti yé e. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o," ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ọmọ nílé tó gbọ́dọ̀ jẹun, èyí ni mo fi dí i lẹ́nu. Mo sọ ọkùnrin olóòótọ́ di alábàápín ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹ ó ní, Mùbàṣírù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò lójú ni? Ó lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe nǹkan ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bó tiẹ̀ ṣókùnkùn, yóò rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé ẹ máa fi kọ́fà yín han àlejò. Kó má baà ráyè wò ó ní kékeré, mo ní kí a tẹ̀ ẹ́ ní bánà. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: nílẹ̀ wa níbí, ohun tí a kò bá tẹ bánà rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ gbàgàdà, a gbé e lọ sí Efire, wọ́n so ó kọ́ ní èbúté. Gbogbo ìlú tú jáde. Apẹja kan ní, "Ẹ wá wo ọkọ̀ mi!" Ẹlòmíràn ní, "Ilé wa rèé, ó tiẹ̀ ya páànù tó ń jò!" Kò sẹ́ni tó wá ọmọbìnrin náà. Ara wọn ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí ara wọn. Mùbàṣírù ń rẹ́rìn-ín káàkiri bí ọmọ tó ṣe ipò kìíní. Kò rò ó pé ẹni tó máa ra géèmù òun kò ní dúró ní èbúté Efire wo bánà, orí fóònù ni yóò ti pàdé rẹ̀, ìka rẹ̀ á sì fò ó kọjá. Èmi mọ̀. Màmá rẹ̀, Nimotalahi, fi ọwọ́ kan ààrò tí mo yà, ó ní, "Ààrò tèmi rèé! Ìyàwó mi, o káre. Ọlọ́run á jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gbé ọmọ rẹ." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àmín, Màmá." Mo ṣe àmín sí àdúrà obìnrin tí mò ń ba ti ọmọ rẹ̀ jẹ́ níṣojú rẹ̀. Astagfirulai.

Géèmù jáde. Àyàfi àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó rà á. Mùbàṣírù á jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, á ṣí fóònù, á pa á, á tún ṣí i. Mo ra oúnjẹ, kò jẹ. Ilé iṣẹ́ òkè òkun náà kọ̀wé kúkúrú pé àwọn kí i kú iṣẹ́, àwọn ò ní lè tẹ̀ síwájú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán, inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ mi. Kò lọ síbì kankan. Mo rò pé tó bá ti gbàgbé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, a ó so yìgì, ayé á máa lọ. Àfi ọjọ́ kan tó wọlé, tó ní, "Ìbíkẹ́ mi, ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti òkè òkun. Ó ní òun ti kọjá lára géèmù náà láìmọye ìgbà, òun ò mọ ohun tó jẹ́. Ṣé kì í ṣe kọ́fà yẹn? Ṣé a ò lè tún un yà?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọlọ́run tún ṣí ilẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ náà. Kọ́fà ṣeé pààrọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni ẹnu mi ní láti sọ.

Ẹ wá gbọ́ ìkà gan-an. Mo ní, "Kọ́fà kẹ̀? Àbí kì í ṣe ìṣojú rẹ ni gbogbo Efire ti yìn ín?"  Mo rí i pé kò tíì gbà, ẹ̀rù sì bà mí pé yóò gbé e fún ẹlòmíràn, ẹni náà yóò sì sọ òótọ́ fún un. Ni mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, bó ṣe máa ń di tèmi mú. Èmi alágídí, èmi ẹlẹ́nu mímú, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ohùn tí mi ò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí: "Mùbàṣírù, mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí mo fẹ́ràn rẹ. Kì í ṣe kọ́fà. Géèmù náà ni. Kò ní ẹ̀mí nínú. Mo ń gbá a, oorun gbé mi lọ." Ó bi mí pé, "Ibi tí àwọn ìyá ti ń tanná ńkọ́?" Mo ní, "Mi ò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ó ti sú mi." Yéè, ẹnu mi yìí! Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó ní, "O ṣeun, Ìbíkẹ́. Ó dáa tí ó jẹ́ ìwọ lo sọ òótọ́ fún mi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ń gbọ́? Ó dúpẹ́.

Ó yọ géèmù náà kúrò ní ìsọ̀. Ó ta láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ ran màmá òun lọ́wọ́ díẹ̀ ní Efire, "díẹ̀" yẹn ò sì tán. Mo pè é, kò gbé e. Nígbà tó yá, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Mo ṣe gbogbo èyí kó má baà lọ sókè òkun, Efire tí ọkọ̀ ń ná lójoojúmọ́ wá jìnnà sí mi ju òkè òkun lọ. Ó ṣòro kí ènìyàn máa jókòó ti ẹni tó mọ ìtìjú rẹ̀. Kúbúrá tó wà ní Mamu sàn jù mí lọ. Ẹlòmíràn ló fi í sílẹ̀, èmi fọwọ́ ara mi lé tèmi ni. Àwọn ọkùnrin wá, mo lé wọn. Tí ọ̀kadà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá gbójú sókè. Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi, màá bojú wẹ̀yìn kíá. Mo wá gbájú mọ́ kọ́fà yíyà fún àwọn ẹlòmíràn, lọ́nà tó tọ́: ohun kan ṣoṣo níwájú, ìmọ́lẹ̀ lórí òkùnkùn, orúkọ tó nípọn. Géèmù wọn ń tà, wọ́n ń yìn mí. Bí wọ́n bá ṣe ń yìn mí tó ni mo ṣe ń fẹ́ wá ibi fara pamọ́ sí.

Oṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé Màmá Nimotalahi kú. Mi ò lè jókòó mọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Abigi, mo gba ibẹ̀ dé Efire, mo bá wọn níbi àdúà. Mùbàṣírù ti dá irùngbọ̀n sí, okùn àwọ̀n ti mú ọwọ́ rẹ̀ le, ó ti ní ìyàwó, ọmọbìnrin kékeré kan sì ń fà á láṣọ. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Nígbà tí àwọn èrò túká, mo ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, a lọ dúró létí omi. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kọ́fà tí mo pa rẹ́ dé orí irọ́ tí mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ pa. Mo ń retí ìbínú. Mo tiẹ̀ ń fẹ́ kó gbá mi létí.  Kò bi mí nípa kọ́fà, kò bi mí nípa òkè òkun. Ohun tó bi mí ni pé, "Ìbíkẹ́, ṣé géèmù náà dára?" Bí ọmọdé ló ṣe bi mí. Mo ní, "Ó dára. Mo gbá a dé òpin. Mo sunkún níbi tí àwọn ìyá ti ń tanná." Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, ó fọwọ́ bojú. Ó ní, "Màmá mi ló máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n á ní, 'Má banú jẹ́, ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo nǹkan la mọ̀ ọ́n ṣe, omi la mọ̀.' Wọ́n kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn pé ọmọ àwọn dáwọ́ lé ohun tí agbára rẹ̀ ò ká. Ta ló máa wá sọ fún wọn báyìí?"  

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì ọ́, Ìbíkẹ́. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ." Ó ní àwọn kan ti sọ fún òun pé mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. "Lọ sọ fún àwọn yẹn," ó ní. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọlé lọ, èmi sì wọ ọkọ̀. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn yóò gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá bá yín, yóò ní, "Ṣé ó dára?" Ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́, kódà bí òótọ́ náà yóò bá gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ó lè lọ, kó má padà, ẹ ó sunkún, ẹkún yẹn kò tó tèmi. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, mi ò lè sọ ìyẹn fún un mọ́, ó ti di ọkọ ọlọ́kọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba ọ̀nà Abigi kọjá, tó bá dé Efire, kó béèrè Mùbàṣírù apẹja, kó bá mi sọ fún un pé Ìbíkẹ́ ti sọ ọ́, níṣojú gbogbo yín, pé géèmù rẹ̀ dára.